Bẹ́ńṣì Ìyá Edna

Agogo ara kẹ̀kẹ́ ọmọ mi ni mo ń dán wò nígbà tí fóònù dún. Mo ti fi sípánà yọ àwọn táyà kékeré méjì tó ń gbé kẹ̀kẹ́ náà dúró lẹ́yìn, torí Tèmi ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ nínú kíṣíìnì, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú nítorí ikùn mi tó ti tóbi, gíríìsì wà ní gbogbo ìka mi, mo sì ń fi àtàǹpàkò tẹ agogo náà, gbin-gbin, gbin-gbin, bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Ìró yẹn ti tó láti mú mi rántí Màmá. Mo tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó dìde lọ gbé fóònù.

Mọ́mì mi ló pè, láti ilé wọn ní Old Trafford, nílùú òyìnbó níbí. Wọn ò kí mi bí wọ́n ṣe máa ń kí mi. Wọ́n ní, "Jókòó." Mo ní mo ti jókòó tẹ́lẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Wọ́n ní, "Padà jókòó. Màmá ti sinmi."

Màmá ni ìyá tó bí ìyá mi. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ, nínú ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti dàgbà débi pé gbogbo èèyàn á máa sọ pé ká dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo sì sunkún. Mo fi ọwọ́ gíríìsì nu ojú mi, Tèmi wò mí títí, ó ní mo ti ní irùngbọ̀n bíi ti ológbò.

Mọ́mì dúró kí n sunkún tán, wọ́n wá ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀." Dádì Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì nìyẹn, àwọn ni olórí ilé báyìí. Ó jọ pé Màmá ti sọ fún wọn kí ọlọ́jọ́ tó dé pé iwájú ilé ni kí wọ́n sin àwọn sí, kí wọ́n má fi táìlì bo àwọn, kí wọ́n má fi irin yí àwọn ká, kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì onígi lé àwọn lórí, èyí tó ní ẹ̀yìn, kí àwọn èèyàn máa rí ibi jókòó. Gbogbo ẹbí ní ọjọ́ ogbó ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ Màmá lẹ́nu.

"Wọ́n ní ṣé orí ìyá àwọn làwọn èèyàn á wá máa jókòó lé," Mọ́mì sọ. "Èmi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ìwọ lo wà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Bó o bá ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi á ṣe é. Bí o ò bá lè ṣàlàyé ẹ̀, ère áńgẹ́lì ni wọ́n máa gbé lé Màmá lórí."

Èmi ò lè lọ síbi ìsìnkú náà. Oyún mi ti dàgbà jù, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹnu mi nìkan ni mo ní láti fi sin Màmá. Torí náà mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo gbé tíì kaná, mo sì jókòó láti rántí dáadáa.

Ilé kan ní Broughton la ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, èmi, Mọ́mì àti Màmá. Dádì mi wà nílé lọ́hùn-ún, tíṣà ni wọ́n. Mọ́mì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n sí. Wọ́n á wá sùn lọ́sàn-án, ilé á sì dákẹ́ bí yàrá ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ bọ́tìnnì kí ilé yín tó gbóná, ẹ ò mọ sítóòfù kẹrosíìnì tí à ń yá nígbà náà. Òórùn rẹ̀ máa ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ wa. Bí gbogbo ìjọ bá sì ti rùn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ ti ara ẹ̀.

Torí tèmi ni Màmá ṣe wá, kí wọ́n lè máa tọ́jú mi. Òtútù kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní òtútù ò ju kéèyàn wọ aṣọ lé aṣọ. Ohun tó ń jẹ wọ́n níyà ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n lè kí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ti kí ẹni tó ń gbálẹ̀, wọ́n á kí ẹni tó kàn jókòó, wọ́n á ní "ojú gbooro o" fún ẹni tó ń dirun, wọ́n á béèrè ọmọ tara rẹ̀ ò yá, ìsìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ní Broughton, wọ́n kí àwọn tó dúró ní ibùdókọ̀, gbogbo wọn wo bàtà ara wọn. Obìnrin kan gbé báàgì ẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Màmá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé odi ni gbogbo wọn ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ wọn nísàlẹ̀. Màmá ní, "Mo fẹ́ lọ sílé. Ẹnu mi ti ń kú."

Mọ́mì ò tètè dáhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Tí ẹ bá lọ, Mà, mi ò lè fi ọmọ yìí sílé lálẹ́ lóun nìkan. Màá ní láti gbé e fún òyìnbó tọ́ ni."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ òbí wa tó ń kàwé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á gbé ọmọ fún ìdílé òyìnbó kan létí òkun, wọ́n á máa san owó, wọ́n á máa lọ wò ó nígbà tí iṣẹ́ bá fún wọn láyè. Ọmọ kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tó padà dé, kò gbọ́ Yorùbá mọ́, ẹ̀bà ń rí i lára, Áńtí ló sì ń pe ìyá tó bí i. Mo rántí ojú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo wa. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo di igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n ti wá gbé mi.

Mo ní kẹ̀kẹ́ pupa kan tí Mọ́mì rà ní ọjà ìlú Bury lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ọmọ òun ti ga jù ú lọ. Nígbà ìsinmi iléèwé, kí Mọ́mì lè rí oorun sùn, èmi àti Màmá á tì í jáde lọ sétí odò. Màmá á wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, wọ́n á wọ kóòtù Mọ́mì lé e, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á tún fa fìlà kóòtù náà bo gèlè, orí wọn á wá tóbi bí àmù omi. Wọ́n á di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi mú lẹ́yìn, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé mi. "Ọkọ mi, rọra. Ọkọ mi, ta ló ń lé ẹ?"

Ọ̀nà etí odò Irwell yẹn tẹ́jú, kò le fún àgbà, kò le fún ọmọdé. Ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà á, oníkẹ̀kẹ́ ń gbà á. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń ti ẹ̀yìn wa bọ̀, wọ́n á tẹ agogo, gbin-gbin, pé ká yà fún àwọn. Màmá gbà pé wọ́n ń kí àwọn ni. Ẹ wo ẹni tí kò tíì rí ẹni kí i láti ìgbà tó ti dé, kí àjèjì wá máa fi agogo kí i. Wọ́n á dúró gbagidi sáàárín ọ̀nà, wọ́n á kọjú sí oníkẹ̀kẹ́ náà, wọ́n á tẹ eékún díẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o. Ilé ńkọ́?" Oníkẹ̀kẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú koríko. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ńṣe ni wọ́n ń ní ká yẹra. Màmá ní, "Ẹni tó ní kí n yẹra, ó kúkú ti bá mi sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kan tí oòrùn yọ, irú oòrùn tibí tó ń mọ́lẹ̀ tí kì í gbóná, a dé ibi tí ọ̀nà náà ti rọra ga ju odò lọ. Odò ká bí ìgbà tí èèyàn ká apá sọ́rùn. Èèyàn á dúró níbẹ̀, á máa wo òrùlé lórí òrùlé, ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, èéfín, àti àwọn òkè tó jìnnà tí kùrukùru bò. Mi ò ní purọ́ fún yín, omi náà ò mọ́ nígbà yẹn. Ó dúdú, ìfófòó ń léfòó lórí ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì sì ti dojú dé sínú ẹ̀. Màmá wò ó. Wọ́n ní, "Odò Ọbà ilé wa, omi ni. Ọbẹ̀ lèyí."

Bẹ́ńṣì onígi kan wà níbẹ̀, ó kọjú sí odò. Màmá ti ń tẹ̀ ba láti jókòó nígbà tí wọ́n rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á, mo túmọ̀ ẹ̀ bí mo ṣe mọ̀: "Ìrántí Edna. Ó fẹ́ràn ibí yìí."

Màmá nà ró. "Ó ti kú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ibí ni wọ́n sin ín sí?"

Mo wo ilẹ̀ abẹ́ bẹ́ńṣì. Mi ò tíì lọ síbi ìsìnkú kankan rí láyé mi. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀rù máa bà wọ́n. Ojú wọn ló tàn. Ní ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, iwájú ilé ni bàbá ọkọ wọn wà. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ojú oórì náà, wọ́n fi ọwọ́ pa á títí ó fi ń dán. Orí ẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, orí ẹ̀ ni wọ́n ń sá ata sí, orí ẹ̀ làwọn ọmọdé ń sùn lọ́sàn-án nítorí pé ó tutù. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ò ju pé kó o kí bàbá kó o tó jókòó, kó o ní kí wọ́n sún díẹ̀ fún ẹ. Màmá ti rò pé inú igbó kan tó jìnnà ni àwọn òyìnbó máa ń kó òkú wọn lọ, tí wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọn ò mọ̀ pé àwọn náà lè fi èèyàn wọn síbi tó fẹ́ràn, kí wọ́n sì gbé àga lé e.

Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ńṣì náà, pẹ̀lú kóòtù àti gèlè àti gbogbo ẹ̀. "Ìyá Edna, ẹ kú ilé o. Àlejò ni wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún wa." Wọ́n wá jókòó sí igun kan, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn.

Ibẹ̀ ni bàbá òyìnbó arúgbó kan ti bá wa. Bàbá náà ń ti kẹ̀kẹ́ dúdú kan, wọ́n dé kẹ́ẹ̀pù, fúláàsì tíì wà nínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ wọn. Màmá ti ń bá Ìyá Edna sọ̀rọ̀ nípa òjò. Bàbá náà bi mí pé ta ni ìyá mi àgbà ń bá sọ̀rọ̀. Mo nawọ́ sí irin pẹlẹbẹ náà.

Bàbá náà fi kẹ̀kẹ́ wọn ti ẹ̀yìn bẹ́ńṣì. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi nìyẹn."

"Kí ni wọ́n wí?" Màmá bi mí.

"Wọ́n ní ìyàwó àwọn ni."

Màmá dìde, wọ́n tún kúnlẹ̀. "Ẹ kú aráfẹ́rakù o, Bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú." Mo túmọ̀ ẹ̀ bí agbára mi ṣe mọ, mo ní, "Ìyá mi àgbà ń kí yín torí pé ara yín ń wá ara wọn." Bàbá náà ṣí kẹ́ẹ̀pù wọn. Frank ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí bẹ́ńṣì yẹn ti wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ti jókòó lé e, wọ́n ti jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún díndín lórí ẹ̀, ọmọ kan ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kí Edna rí.

Wọ́n bu tíì fún wa nínú ìdérí fúláàsì. Màmá tí kì í jẹ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ mu ún tán. Èmi tí ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́ ni mo bi Bàbá Frank bóyá abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó wọn wà. Wọ́n ní rárá, ó wà ní Bury, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àti bàbá ẹ̀. Mo sọ fún Màmá.

Màmá ronú sí i. "Bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń lọ sí Bury."

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní nígbà Kérésìmesì, àti ọjọ́ ìbí ẹ̀.

"Ibí ńkọ́?"

Bàbá Frank ní ojoojúmọ́ ni, àfi bí yìnyín bá dí ọ̀nà.

Màmá wá mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ibí ló wà," wọ́n sì fọwọ́ lu igi bẹ́ńṣì náà pẹ́pẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ lu ẹ̀yìn mi bí mo bá fẹ́ sùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Mọ́mì ń ro ọkà kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Màmá ní, "Mi ò lọ mọ́. Kàwé ẹ parí."

Mọ́mì dá ọwọ́ dúró. "Kí ló ṣẹlẹ̀, Mà?"

"Mo ti rí ẹni tí mo lè máa kí."

"Ẹ ṣeun o, Jésù. Ṣé ará ilé ni?"

"Òyìnbó ni. Edna lorúkọ ẹ̀."

"Níbo ni wọ́n ń gbé?"

"Etí odò níbẹ̀ yẹn."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá wa jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mà."

"Kò lè wá," ni Màmá dáhùn. "Ó ti kú."

Ẹ ò bá rí ojú tí Mọ́mì fi wò mí.

Ṣùgbọ́n Màmá dúró. Wọ́n dúró títí Mọ́mì fi gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, wọn ò sì gbé mi lọ sétí òkun kankan. A máa ń lọ kí Ìyá Edna, lójú òjò, lójú òtútù, Bàbá Frank á sì bá wa níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tó yá wọn ò tiẹ̀ pè mí pé kí n túmọ̀ mọ́. Màmá á sọ Yorùbá tiwọn, Bàbá Frank á sọ Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, èmi á máa gun kẹ̀kẹ́ lọ, máa gùn ún bọ̀, máa tẹ agogo, àwọn méjèèjì á sì máa dá mi lóhùn. Fóònù ilé ò ṣe é gbára lé nígbà náà, kásẹ́ẹ̀tì la fi ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Màmá sọ sínú ọ̀kan pé àwọn ti ní ọ̀rẹ́ méjì nílùú òyìnbó, ọ̀kan ń gun kẹ̀kẹ́, èkejì ń sinmi.

Dádì Ògbómọ̀ṣọ́ pè ní ìrọ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù pẹ̀lú ikùn mi bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Wọ́n kí mi kú aráfẹ́rakù, èmi náà kí wọn. Wọ́n wá ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé abẹ́ bẹ́ńṣì ni àwọn òyìnbó yẹn ń sin òkú wọn sí?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe yíjú sọ fún àwọn tó yí wọn ká pé, "Ó ní rárá." Ariwo sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, Màmá mọ̀ pé wọn kì í sin wọ́n síbẹ̀. Mo sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀."

"Wọ́n mọ̀? Kí ni wọ́n wá ń fẹ́? A ti bá àwọn tó ń ṣe áńgẹ́lì sọ̀rọ̀. Táìlì funfun la máa lò, àá fi irin yí i ká, kí ewúrẹ́ àtàwọn ọmọdé má lè débẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é báyìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ilẹ̀ bá gbóná lọ́sàn-án, níbo lẹ ti máa ń sùn?"

  Mo gbọ́ ẹ̀rín kékeré kan, ẹ̀rín ọmọdé lẹ́nu àgbà.

"Orí Bàbá Àgbà ni," ni wọ́n wí. "Ó máa ń tutù."

"Ohun tí Màmá ń fẹ́ nìyẹn, sà."

 Wọ́n fọn imú. Wọ́n wá ní, "Irú igi wo ni? Báwo ló ṣe gùn tó? Mi ò fẹ́ kí káfíńtà ṣe èyí tó máa máa mì."

Bí èmi àti Tèmi ṣe gba etí odò lọ nìyẹn, òun lórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, èmi lẹ́yìn ẹ̀, mo di ìjókòó mú, téèpù aránṣọ wà nínú àpò mi. Wọ́n ti kọ́ ilé tuntun sí apá kan. Omi náà ti mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, pẹ́pẹ́yẹ wà nínú ẹ̀, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan dúró létí ẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹja. Màmá ì bá gbà pé omi ni báyìí. Àwọn tó ń sáré kọjá fi nǹkan dí etí, wọ́n ń gbọ́ orin tiwọn. Wọn kì í kí èèyàn títí di òní.

Bẹ́ńṣì náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ pákó méjì lára ẹ̀, irin pẹlẹbẹ náà sì ti ní orúkọ kejì lábẹ́ ti àkọ́kọ́, Frank. Mo rọra kúnlẹ̀, mo kí àwọn méjèèjì, mo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ wọn ti ń bọ̀. Mo wá ń wọ̀n ọ́n, gígùn, ìbú, gíga ẹ̀yìn ẹ̀, Tèmi sì di orí kejì téèpù náà mú. Agogo kẹ̀kẹ́ dún lẹ́yìn mi, gbin-gbin. "Ẹ kú ìrìn o," ni mo wí kí n tó mọ̀. Ọkùnrin tó gùn ún wẹ̀yìn wò mí, ó gbé ọwọ́ díẹ̀, ó lọ.

Tèmi ń wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé àwọn èèyàn á máa sit lórí Grandma Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ kí wọn, wọ́n á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sún díẹ̀."